Nǹkan Ara Àpáta àti Gbólóhùn Tí Mo Fò

Iṣu mẹ́ta ni ọkùnrin náà gbé wá sí ilé iṣẹ́ rédíò wa ní Ìlọrin. Àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́bàá Òkè-Oyì. Ẹni tó sọ̀rọ̀ oògùn jẹjẹrẹ nínú ìròyìn ló ń wá. Èmi ni.

"Ọ̀gá rédíò, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i," ó ní. "Dókítà ti ní àwọn máa gé ọyàn ìyàwó mi. A ti di ẹrù ọsibítù tán. Ọjọ́ tí a gbọ́ ohùn yín la tú u. Ó ti ń mu nǹkan ara àpáta yẹn láti oṣù méjì."

Mo ní kó jókòó. Èmi náà jókòó.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni, yunifásítì ìlú wa ṣì tuntun. Olùkọ́ kan níbẹ̀ máa ń kó ohun eléérú kan tó ń hù pẹlẹbẹ mọ́ ara àpáta, bí ẹni pé làpálàpá mú òkúta. Ó fi ránṣẹ́ sí òyìnbó tó kọ́ ọ níṣẹ́. Òyìnbó náà lọ̀ ọ́, ó yọ omi inú rẹ̀, ó kán an sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n ń tọ́jú nínú abọ́ gíláàsì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò pọ̀ sí i mọ́. Ohun tí mo gbé jáde nìyẹn.

Gbólóhùn tí olùkọ́ náà fi tẹ̀ lé e wà nínú ìwé mi: "Inú abọ́ ni o. Ọṣẹ ìfọṣọ náà á pa wọ́n nínú abọ́. A ò tíì mọ ohun tó máa ṣe lára èèyàn." Ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fún mi. Mo fò ó.

Mo mú ìwé náà, mo bá ọkùnrin náà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kí a tó dé abúlé, ó nawọ́ sí àpáta kan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan funfun.

Orí ẹní la bá ìyàwó rẹ̀, ó ń pa ẹ̀pà. Mo kí i, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú èyí tí mo fò.

"Ṣùgbọ́n kókó ọyàn rẹ̀ ti ń rọ̀," ọkọ rẹ̀ ní.

"Ẹ̀yin lẹ ní ó ń rọ̀. Èmi ni mo gbé e sáyà." Ó kọjú sí mi. "Kí ló dé tí o fò ó?"

"Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fún mi, Ìyá."

"Ìṣẹ́jú kan. Oṣù méjì lèmi fi mu ún. Ó korò bí jogbo."

Ó pa ẹ̀pà bíi mélòó kan sí i. "Tí mo bá dédé gbéra lọ sí ọsibítù, àwọn ìyàwó ilé á ní oògùn ló sú mi. Àwọn náà ń mu ún. Padà lọ sọ èyí tó kù. Bí mo bá gbọ́ ọ nínú rédíò, màá lọ."

Nígbà tí mo padà dé ilé iṣẹ́, ọ̀gá mi kò fẹ́. "Ta ló fẹ̀sùn kàn wá?"

"Kò sí. Ọpẹ́ ni wọ́n wá dú." Mo fi iṣu hàn án, mo sì sọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e wá.

Ó wo iṣu náà títí. "Ààbọ̀ ìṣẹ́jú," ó ní. "Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì."

Lọ́jọ́ Àtìní tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ọsibítù láti wò bóyá wọ́n wá. Tọkọtaya náà wà lórí bẹ́ńṣì, nọ́ọ̀sì kan dúró tì wọ́n: "Oṣù méjì gbáko, níbo lẹ wà?" Ọkọ kò wo ojú mi.

"Mo gbọ́ ọ," ìyàwó ní. "O sáré kà á jù. Èmi ni mo tún un sọ fún àwọn ìyàwó ilé lẹ́nu kànga."

Wọ́n pè é. Ó kó ìborùn rẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọlé. Èmi àti ọkùnrin náà jókòó títí dókítà fi jáde wá sọ pé ó ṣì ṣeé gé.