Káàdì Tí Wọ́n Sá Sóòrùn

Inú máa ń bí mi sí ẹni tó bá ti tú kọ̀ǹpútà kó tó gbé e wá bá mi. Mo máa ń pariwo. Àwọn tá a jọ ń tún nǹkan ṣe ní Sango mọ̀ mí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí màmá tó ń fi ẹ̀rọ rán mónógíráàmù, ìyẹn orúkọ àti báàjì, sára aṣọ ní Ilo-Awela gbé tirẹ̀ dé, mi ò lè pariwo, torí ojú rẹ̀ ti pọ́n kó tó jókòó.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ni mo fi tọ́ ọmọ," ló wí. "Tí kò bá jí, wọ́n á kó mi lọ Agbára."

Agbára ni ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà ń gbé. Ó ti ní kí màmá ti ṣọ́ọ̀bù, kó wá máa bá ìyàwó òun tọ́jú ọmọ. Màmá fẹ́ràn àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà. Màmá bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè títí di ìparí oṣù.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti gbó gan-an. Òun ló ń sọ ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà fún ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì sí tuntun kankan tí ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ èdè rẹ̀. Mo tàn án. Ó ń ké píì píì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú. Mo yọ káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò jóná, kò dípẹtà. Kódà, ó mọ́ ju àwo ìjẹun mi lọ. Ìyẹn ló kọ́kọ́ mú kí ara fu mí.

"Màmá, kí lẹ ṣe fún un?"

"Kí ni mo ṣe? Òjò ló wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀, mo wá sá a sórí páànù. Ojoojúmọ́ ni, títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Mo tiẹ̀ ń yí i padà bí ẹni ń sá èlùbọ́."

"Sítíkà kékeré tó yẹ kó wà lórí ṣíìpù ara káàdì yìí ńkọ́?"

"Ó ti rin. Mo ṣí i dànù kí abẹ́ rẹ̀ lè gbẹ."

Yéè! Mo káwọ́ lérí. Ṣíìpù ayé àtijọ́ yẹn ní fèrèsé gíláàsì lójú. Inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí káàdì máa ń kà wà, kó tó mọ bí á ṣe gbé àwòrán jáde. Sítíkà yẹn ni kì í jẹ́ kí òòrùn rí inú rẹ̀. Tí òòrùn bá ràn sí i lọ́pọ̀ ọjọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á pa rẹ́. Òjò ò ṣe é ní nǹkan kan. Ìtọ́jú màmá ló nu ọpọlọ rẹ̀ nù.

Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Háà. Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é."

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé ìbínú. "Màmá, káàdì yín ò kú o. Ó kàn gbàgbé iṣẹ́ ni. A máa tún un kọ́."

Mo wá nọ́ńbà ara káàdì náà lórí intánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọn ò ríṣẹ́ ṣe ju kí wọ́n máa tọ́jú ọ̀rọ̀ inú irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́ míì ṣe! Mo rí ọ̀rọ̀ náà gbà lọ́dọ̀ wọn, mo ra ṣíìpù tuntun, mo kọ ọ́ sínú rẹ̀, mo rọra yọ ti àtijọ́, mo tẹ tuntun sí àyè rẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ irin ṣíìpù náà tẹ́ẹ́rẹ́; tí ọ̀kan bá ṣẹ́, iṣẹ́ dojú rú nìyẹn.

Màmá dúró lẹ́yìn mi, ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Mo ki káàdì padà sínú kọ̀ǹpútà. Mo tàn án. Dúdú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ta ṣíìpù fún mi kí n tó rí i pé èmi ni mi ò ki wáyà ojú kọ̀ǹpútà wọlé dáadáa. Mo kì í. Lẹ́tà funfun yọ, lẹ́yìn náà ni àwọn báàjì tí màmá ti yà sínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá kígbe, ó dì mọ́ mi, ó sì fa fóònù yọ.

"Ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ wá ẹlòmíì tí á máa bá yín gbé ọmọ," ló ń sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ní Sátidé, ẹ kó wọn wá kí mi. Ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti wá bá mi o."