Ìdájọ́ Tó Wọ Inú Ìwé Orin

Kàfáyá kì í rán ìwé tí kò bá tíì kà. Ẹni tó bá gbé ìwé tó ti fọ́nká wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí kóòtù ní Ọ̀tà, kó má retí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, torí ìyá náà á kọ́kọ́ jókòó tì í, á ka ibi tó bá wù ú, á mi orí, kó tó wá abẹ́rẹ́ lọ. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Àlùkùráánì ni bàbá máa ń rán fún àwọn ilé kéwú. Kàfáyá fi ìwé àwọn lọ́yà àti ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì kún un. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ka òfin díẹ̀díẹ̀ báyìí, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, débi pé àwọn aládùúgbò ń pè é ní Lọ́yà Alábẹ́rẹ́. Kò bínú sí orúkọ náà. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ ọn.

Ojú ọ̀nà àdúgbò wọn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ajàgbé tó ń kó ẹrù láti àwọn ilé iṣẹ́ Sàngó ti gbẹ́ ẹ di odò. Òwe ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní àdúgbò yìí, gbogbo wọn ló ti jìn sí i, ọgbọ́n náà ò sì tíì dé. Bí òjò bá rọ̀, oníbàárà ò ní lè dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta sí kánsù, kò sí èsì. Ni Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ bá pinnu pé àwọn á fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdé.

“Ṣé ọlọ́pàá ò ní lé wa báyìí?” Ràbíátù onídìrí béèrè. Ẹ̀rù ń bà á tọkàntọkàn.

Kàfáyá rẹ́rìn-ín. “Lé ta ni? Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dá a lẹ́jọ́ l'Ábújá lọ́dún 2007. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ péjọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ ò nílò pámíìtì ọlọ́pàá. Ìdájọ́ náà wà lórí tábìlì mi, ti Lọ́yà Ọláṣùpọ̀ ni, mò ń rán an lọ́wọ́. Ká ṣáà ti kọ lẹ́tà fi tó wọn létí.”

Lóòótọ́ ló ń rán an. Ṣùgbọ́n ìwé méjì ló wà lórí tábìlì lọ́sẹ̀ yẹn: àkójọ ìdájọ́ tí lọ́yà ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, àti ìwé orin ńlá ti Cornelius, olórí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tòkọ́pì lòun náà, bébà kan náà, ìwọ̀n kan náà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni Kàfáyá ń fa ìdájọ́ yọ kà fún, tó bá kà á tán, á sọ ọ́ padà sórí èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú òkìtì bébà méjèèjì. Nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa rìn, ó sáré rán méjèèjì láìyẹ̀ wọ́n wò. Ẹnu ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́.

Ní òwúrọ̀ Wẹ́sìdé, wọ́n tó ọgọ́rin, ẹgbẹ́ akọrin wà níwájú, orin ń dún. Wọn ò tíì dé títì tí ọ̀gá ọlọ́pàá kan fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

“Ẹ dúró ńbẹ̀! Pámíìtì yín dà?”

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá,” ni Kàfáyá wí. “A ti kọ lẹ́tà sí yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kóòtù ní a ò nílò pámíìtì.”

“Kóòtù wo? Ẹ fi hàn mí. Bí ẹ ò bá rí i fi hàn, kí oníkálukú yáa máa lọ sílé.”

Ohun tí Kàfáyá ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ó fa ìwé lọ́yà yọ nínú báàgì, ó ṣí i síbi tó mọ̀, ó wú ikọ́, ó sì gbé ohùn sókè: “Ẹ wá fayọ̀ kórè, oko Baba ti gbó…”

Ó ṣí ewé kejì. Orin ìkórè ni.

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣe Kàfáyá bíi kí ilẹ̀ lanu kó wọlé. Òun ló fọkàn gbogbo wọn balẹ̀, òun náà ló tún fẹ́ dá wọn padà sílé. Ràbíátù ti kọ̀yìn sí títì.

“Ìyá Rauf,” ni Cornelius pe Kàfáyá láàárín àwọn akọrin, “orin ìkórè yẹn ni mo wá títí láàárọ̀ yìí. Gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ kan ni mo bá níbẹ̀. Mo rò pé ẹ fi ṣe ènì fún mi ni.” Ó na ìwé orin rẹ̀ sókè.

Kàfáyá já a gbà. Ó ka ìdájọ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ: pé òfin pámíìtì yẹn, ti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni, pé kò bá ìjọba tiwa-n-tiwa mu, pé ẹ̀tọ́ ará ìlú ni láti péjọ. Bó ṣe kà á tán, àwọn akọrin tí wọ́n rí ìwé orin lọ́wọ́ rẹ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Àmín!”

Ọ̀gá ọlọ́pàá gba ìwé, ó fojú ara rẹ̀ kà á, ó wo àgbélébùú ara èèpo rẹ̀, ó tún wo ìbòrí Kàfáyá. Ẹ̀rín borí rẹ̀. “Màmá, láti ọjọ́ tí mo ti wọ yúnífọ́ọ̀mù yìí, mi ò tíì rí ẹni tó yọ òfin jáde nínú ìwé orin rí.” Ó padà sínú ọkọ̀. “Ẹ máa tẹ̀ lé mi. Ẹ má dí títì o.”

Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣe ṣíwájú wọn dé kánsù nìyẹn. Ọ̀gá kánsù tó gba lẹ́tà wọn bá wọn padà wá wo ọ̀nà, ó sì rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tírélà tó kó òkúta dé.

Ìtìjú iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì tán lára Kàfáyá. Ó mú sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ lọ bá Cornelius, kó lè tú ìdájọ́ kúrò, kó sì dá orin ìkórè padà síbẹ̀. Cornelius gbé ìwé náà sẹ́yìn.

“Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá Rauf. Orin ìkórè, a mọ̀ ọ́n sórí. Èyí la ò tíì mọ̀.”