Òrùka Ìyá Mi Tí Wọ́n Rì Bọ Òróró

Ta ló tiẹ̀ rán mi níṣẹ́? Ìbéèrè tí mo bi ara mi nìyẹn nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù kẹfà ní Ẹgbẹ́dá. Òrùka olókùúta aláwọ̀ ewé ni mo ń wá fún ìyá mi. Ó ní irú rẹ̀ nígbà tí a wà ní Èkìtì, òun nìkan sì ni ohun ọ̀ṣọ́ tó ní. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tí kò sówó nílé, ó bọ́ ọ lọ́wọ́, ó tà á. Mo ti búra pé kó tó pé àádọ́rin ọdún, n ó fi òmíràn bọ̀ ọ́ níka. Ọjọ́ ìbí náà wá ku ọ̀sẹ̀ méjì, owó olùkọ́ sì ni mo ń gbà.

Ẹ wo pálapàla tí wọ́n ń kó síwájú mi! Ọ̀kan, gíláàsì. Òmíràn, ike tí wọ́n kùn lọ́dà. Èyí tí mo rà ní ibùdókọ̀ Pleasure sọ ìka mi di dúdú kí n tó délé ní Baruwa. Nígbà tí mo sì rí ojúlówó, ọmọbìnrin tó ń tà á pe iye kan, mo ní kó tún un pè, bóyá etí mi ló dí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ẹ kúkú lọ ra yẹtí." Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ irú ẹ̀!

Ìkòtún ni mo ti wá rí bàbá Háúsá kan tó pàtẹ òrùka sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Ó ní kí n fi òkúta òrùka náà kan ètè mi. Ó tutù. "Ike kì í tutù báyìí," ó ní. Owó mi ò ká aláwọ̀ ewé rẹ̀, búlúù ló bá àpò mi mu, búlúù bí ojú ọ̀run, tí wọ́n fi fàdákà dè. Ó rẹwà débi pé mo gbàgbé pé inú ń bí mi. Bàbá náà wá kìlọ̀ pé, "Ọṣẹ ò gbọ́dọ̀ kàn án o, òróró ò gbọ́dọ̀ kàn án. Òkúta yìí máa ń mu nǹkan."

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìgàndo ni ìyá wa ń gbé. Òun ni àkọ́bí, òun ló sì yẹ kó fi òrùka náà bọ Màmá lọ́wọ́, ni mo bá gbé e fún un lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òróró kàn án." Ó ní, "Mo ti gbọ́, jàre."

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ ìbí gan-an, ẹ̀gbọ́n mi fà mí wọ kíṣìnnì. Nínú ìgò òróró ólífì tó gbàdúrà sí ni òrùka mi wà, láti ọjọ́ Ajé!

"Ṣé o mọ ẹni tó ti wọ̀ ọ́ rí?" ó ní. "Bó bá jẹ́ òrùka ère ńkọ́? Wò ó, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló jáde yẹn!"

Mo wò ó. Búlúù ti lọ, ó ti di àwọ̀ ewé ṣíṣú. Ẹkún gbọ̀n mí, ẹkún ìbínú. "Òkúta ló mu òróró, ẹ̀gbọ́n mi! Ṣebí mo sọ fún yín!" Ó ní kí n má jẹ́ kí ọ̀tá lo ẹnu mi.

Ariwo wa ló gbé Màmá wọlé. Ó yọ òrùka náà nínú ìgò, ó fi etí ìró nù ún, ó gbé e sójú fèrèsé. Ó yí i wò lọ́tùn-ún lósì.

"Ta ló bá mi rà á padà?"

"Màmá, kì í ṣe tiyín yẹn. Búlúù ni mo rà á."

Ó rẹ́rìn-ín. "Búlúù ni tèmi náà lọ́jọ́ tí bàbá yín rà á. Epo pupa tí mò ń ṣe ló sọ ọ́ di báyìí, kí ẹ tó gbọ́njú." Ó fi bọ ìka rẹ̀, kò sì tíì bọ́ ọ títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ṣó o rí i? Òróró ló ṣe é!"

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ.