Ìyẹ̀fun Funfun Tó Kó Mi Sí Wàhálà ní Jakande

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Jakande Estate, kò fẹ́ kí n máa sọ fún èèyàn pé iṣẹ́ ìwádìí ni mò ń ṣe. "Sọ pé o ṣì ń kàwé," ni wọ́n máa ń wí. "Ìwádìí, àfi bíi pé ọlọ́pàá ni ẹ́."

Iṣẹ́ ọ̀hún ò sì le. Mo fẹ́ kí alumíníọ́mù lágbára sí i láìwúwo sí i ni. Màá mú páànù alumíníọ́mù méjì, màá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú wọn, màá wọ́n ìyẹ̀fun òkúta líle kan tó kúná ju àtíkè lọ sáàárín wọn, màá wá kì wọ́n bọ àárín róólà onírin ńláńlá. Róólà á tẹ̀ wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Màá gé e sí méjì, màá tò ó léra, màá tún tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ṣe ń tún un ṣe ni ìyẹ̀fun ń tàn ká inú irin, tí irin sì ń le sí i. Ẹni tó bá ti wọ ilé ìṣebúrẹ́dì rí ti mọ iṣẹ́ mi. Àwọn yẹn kàn ń rí tiwọn jẹ ni.

Lakowe ni róólà tí mo ń lò wà, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tó ń ṣe páànù òrùlé. Ṣùgbọ́n eruku sìmẹ́ńtì tó ń fẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ilé ni mo ti máa ń fọ páànù. Ní Sátidé kan, mo jókòó sí balùkónì, mo fi ìbòmú bo imú, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mò ń fi ásítóònù tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ nu páànù, ike ìyẹ̀fun funfun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n kékeré níwájú mi. Aládùúgbò kan tó ń sá aṣọ rí mi. Kò pẹ́ tí alága ẹgbẹ́ àwọn onílé fi dé pẹ̀lú sẹkiúrítì kan.

"Kí lò ń sè níbí?"

"Ẹ káàsán, sà. Mi ò se nǹkan kan. Alumíníọ́mù ni."

"Alumíníọ́mù wo ló ń rùn báyìí? Àbí oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní áìsì nìyí?"

Sẹkiúrítì ti nawọ́ mú páànù mi, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó tọ́ ìyẹ̀fun yẹn wò."

"Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe nǹkan ẹnu," ni mo yára wí. "Kò tiẹ̀ dáa kéèyàn fà á símú."

Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ fífà símú ni alága wo sẹkiúrítì, tí sẹkiúrítì wo alága. Mo mọ̀ pé mo ti ba ara mi jẹ́.

Àǹtí mi jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ ṣì wà létí wọn. "Alága, ọmọ yìí kì í mutí, kó tó wá kan oògùn! Kò tiẹ̀ ní ọ̀rẹ́kùnrin!" Gbogbo balùkónì tó dojú kọ tiwa ló gbọ́. Ì bá sàn kí wọ́n kúkú mú mi.

Mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sí Lakowe lọ fojú ara wọn rí i. Inú ọkọ̀ alága la kó sí. Sẹkiúrítì gbé ike ìyẹ̀fun sórí itan, ó yọ imú síta fèrèsé títí a fi kọjá ẹ̀sítéètì VGC.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo wọ́n ìyẹ̀fun sáàárín páànù méjì tí mo nù nílé, mo kì wọ́n bọ róólà. Ó jáde lódì kejì, ó sì là sí méjì bí ẹnu bàtà tó ti gbó.

"Ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ kàwé nìyí?" ni alága wí.

Mo mọ ohun tó fà á. "Sà, ìka sẹkiúrítì yín ló kàn án. Bí ọ̀rá ọwọ́ bá ti wà níbẹ̀, kò lè lẹ̀."

Alága ní òun fúnra òun ló máa ha páànù méjì mìíràn, kí n má baà fi ọgbọ́n kan sí i. Ó wọ ìbọ̀wọ́ mi tó fún un pinpin, ó sì ń ha páànù bí ẹni tí ìkòkò jóná mọ́ lọ́wọ́. Mo wọ́n ìyẹ̀fun sáàárín wọn, mo yá wọn níná díẹ̀, mo kì wọ́n bọ róólà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló jáde, ó gùn, ó fẹ́lẹ́. Alága fi èékánná wá ojú ibi tó ti pàdé, ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá a. Kò rí i.

"Gé e! Tún un tẹ̀!" Ó ti ń pariwo bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

"Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn o," ni ọ̀gá oníróólà wí, "kí n má lọ tẹ ẹ̀yin náà mọ́ ọn."

Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ débi pé ó tó, alága gbé e dábùú lórí búlọ́ọ̀kù méjì, ó sì fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́. Kò tẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, bóyá ẹ̀rù ló sì ń dà jáde.

A padà sí Jakande nírọ̀lẹ́. Alága dúró síwájú ilé wa, ó kéde pé kì í ṣe oògùn, pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, pé òun wà ńbẹ̀. Ó wá fòfin de ásítóònù lórí balùkónì, ó sì yọ̀ǹda yàrá òfìfo kan lẹ́yìn ilé ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onílé fún mi. Ó gba ègé páànù kan lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí pálọ̀ rẹ̀. Mo bá àlejò rẹ̀ kan níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, alága sì ń ṣàlàyé fún un bí òun ṣe ṣe é. Mo kí wọn, mo jókòó, mo sì gba mínírà tí wọ́n fún mi mu.