Bàbá Òyìnbó Tó Ń Ṣubú

Òórùn kòkó tí aládùúgbò mi sá ń wọlé láàárọ̀ yìí nígbà tí rédíò ní bàbá òyìnbó aláwàdà yẹn ti kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Odigbo, bàbá mi tan jẹnẹrétọ̀ ká lè wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n wa tuntun. Wọ́n ti sọ fún mi pé àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ajue. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n sin àbúrò mi.

Òyìnbó náà gun àkàsọ̀, ó já bọ́. Mo rẹ́rìn-ín.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni Màmá wí.

Ó dìde, ó tún ṣubú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Màmá, ṣé wọ́n ń gbọ́ yín ni?"

Màmá ò wojú mi. "Wọ́n ṣáà ń dìde."