Ìka Àbíkẹ́yìn Mi àti Ẹ̀rọ Bàbá

Àbíkẹ́yìn mi ni ó máa ń bá mi fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ó ti ní ìyàwó àti ọmọ, ṣùgbọ́n ilé kan náà ni a jọ ń gbé ní Ifẹ̀ níbí. Bí ó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀ dè é. Lọ́jọ́ kan, ó mú un, ó jábọ́. Ó tún mú un, ó tún jábọ́. Mo rò pé ó ń ṣeré ni.

"Màámi, n kò mọ̀ bóyá mo mú un dání tàbí n kò mú un," ó ní. Ó ń wo ìka rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Iṣẹ́ òkúta ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìpetumodù. Wọ́n ń gé òkúta dídán tí àwọn olówó ń tẹ́ sílé ìdáná, àti èyí tí wọ́n ń gbé sórí sàréè. Ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń gé e máa ń gbọ̀n jìgìjìgì. Bí ó bá pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn jù, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó sì lè má jí mọ́. Ẹ̀rù bà mí, nítorí pé ọwọ́ yẹn ló fi ń jẹun.

Ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun fúnra rẹ̀ ló ra nǹkan kan wá, ó pẹlẹbẹ bíi páálí ìṣáná, ó sì lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ẹ̀rọ. Kò ní wáyà kankan, síbẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ti ń gbọ̀n ni yóò máa ròyìn fún fóònù ọ̀gá. Olúkúlùkù ló ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí ìgbọ̀n tí ọwọ́ ènìyàn lè gbà lóòjọ́ bá ti pé, fóònù á ké, ọ̀gá á ní kí onítọ̀hún gbé ẹ̀rọ sílẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi wá sọ ti ìka rẹ̀, ọ̀gá yẹ fóònù wò. "Ìwọ kẹ̀? Ìgbọ̀n tìrẹ kò tíì pé rí níbí. Àfi bí o bá sùn lé ọwọ́."

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Ìyàwó rẹ̀ ló fi í ṣe ìrọ̀rí, sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣẹ́.

Nílé, mo ń wò ó. Ìyàwó rẹ̀ ló wá ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù.

Ọlọ mi ti dán nígbà náà, ata kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Mo ní kí ọlọ́kadà gbé èmi àti ọlọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà kí wọ́n bá mi ha á lójú. Àgbà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá. Ó ju ọ̀gá pàápàá lọ lọ́jọ́ orí. Bàbá gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé òkúta. Kò pẹ́ tí àbíkẹ́yìn mi fi dìde.

"Bàbá, ẹ gbé e wá, ẹ jókòó."

"Fi mí sílẹ̀, o ti ṣe tìrẹ."

"Ẹ jókòó, sà. Ṣé kí n máa wò yín níran ni?"

Ó gba ẹ̀rọ náà. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bàbá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó mú ẹ̀pà jáde lápò, ó bù fún mi. À ń jẹ ẹ̀pà, eruku òkúta ń bo irun ojú ọmọ mi.

Fóònù ké. Ọ̀gá pariwo láti inú yàrá: "Bàbá! Ẹ̀rọ yín ti ké o! Ẹ sinmi!"

Bàbá gbọn èèpo ẹ̀pà nù lẹ́sẹ̀. "Ọ̀gá, bí mo bá tún sinmi ju báyìí lọ, ẹ máa wá gbé òkúta lé mi lórí ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo pe ọ̀gá jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni fóònù yín ní ó ń gé òkúta?"

"Bàbá ni, Màmá."

"Ẹ wo Bàbá."

Ó wo Bàbá, ó wo ọmọ mi, ó wo fóònù. "Láti ìgbà wo lo ti ń bá wọn ṣe é?"

"Ó ti pẹ́, sà. Ojoojúmọ́ ni."

Bàbá ní, "Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ara ẹ̀rọ ni nǹkan náà wà, ẹ̀rọ nìkan ló mọ̀. Ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì, fóònù ń ka ọ̀kan sí Bàbá lọ́rùn.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọ̀gá tú gbogbo nǹkan pẹlẹbẹ náà kúrò lára ẹ̀rọ, ó sì kun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà tirẹ̀. Báyìí, inú àpò ni kálukú ń fi tirẹ̀ sí. Ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni tí o bá fẹ́ gbé, wàá kọ́kọ́ so tìrẹ mọ́ ọn. Bàbá ló ń wọn òkúta, tó sì ń fàlà sí i kí wọ́n tó gé e. Ọ̀gá ní ọmọ mi kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí ìka rẹ̀ yóò fi jí. Bàbá ló fi òòlù ha ọlọ mi, ó sì mú dáadáa.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ báyìí. Ìka kékeré kan ṣì máa ń kú láàárọ̀. Lánàá mo gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ọmọ mi mú un, ó fẹnu pọ́n òwú, ó ń gbìyànjú. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbà á, mo ṣẹ́jú sí i pé kó fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, òwú wọlé.

"Màámi, ẹ yáa gbà á," ó ní, "ebi ń pa mí."