Àdùfẹ́ Kò Ṣiṣẹ́ fún Wọn Rí

Àdùfẹ́, aya Gàníyù, kú ní Chicago níbí nínú oṣù kejì ọdún 1985. Yìnyín ti mú ilẹ̀ le débi pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi fọ́ ọ kí wọ́n tó rí ibi tẹ́ ẹ sí. Lẹ́bàá sàréè náà, àfáà gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ Ọlọ́run kí ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àdúrà tí gbogbo wa mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó ti dárúkọ afẹ́fẹ́ ni Kàfáyàtù, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé bí, bú sẹ́kún, kò sì ṣeé rẹ̀ lẹ́kún mọ́. Nọ́ọ̀sì ni Kàfáyàtù ní ilé ìwòsàn kan ní Naperville. Ó mọ ohun tí ó pa ìyá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Ní ọdún 1962 tí mo dé ìlú yìí wá kàwé, tí n kò mọ ẹnì kankan, òun àti ọkọ rẹ̀ ló gbà mí sílé ní South Side. Ẹ̀gbọ́n Àdùfẹ́ ni mo ń pè é. Obìnrin kúkurú ni, ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Bí ìdánwò bá dé tí n kò jẹun, á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, á bi mí bóyá ìwé ni mo fẹ́ fi ṣe oúnjẹ alẹ́. Ó ń ránṣọ fún àwọn obìnrin àdúgbò. Ó kọ́ Dorothy, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí ilé rẹ̀ kan tiwa, bí a ṣe ń fi tòmátò inú agolo se ọbẹ̀ ata. Dorothy náà sì kọ́ ọ bí a ṣe ń wa mọ́tò lórí yìnyín.

Ìwé ẹ̀rọ ni Gàníyù wá kà lẹ́yìn ogun Hitler. Owó ilé ìwé wọ́n, ó sì bá ara rẹ̀ nílé iṣẹ́. Àwọn ọdún tí Amẹ́ríkà ń kọ́ gbogbo nǹkan nìyẹn: ọkọ̀ ojú omi, ilé gogoro, ilé ìwé. Gbogbo wọn ló ní páìpù omi gbígbóná, gbogbo páìpù náà ló sì gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù kí ooru má bàa sá jáde. Ẹ̀wù páìpù yìí ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ Gàníyù. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹbí èyí tó wà nínú síìlìn ilé ọ̀pọ̀ nínú yín nílé lọ́hùn-ún, bí ẹ ti ń ka ìwé ìròyìn yìí lọ́wọ́. Lọ́yà olóòtú wa ní kí n má dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Mo gbọ́. Orúkọ ọ̀hún ṣì wà lára ògiri rẹ̀ lẹ́bàá odò Calumet. Ẹni tó bá fẹ́, kó lọ kà á.

Lójoojúmọ́ ni Gàníyù ń wọlé bí ẹni tó ṣubú sínú àpò ìyẹ̀fun. Kàfáyàtù kékeré á sáré lọ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ á gba ẹ̀wù iṣẹ́ náà, á lọ fi na irin ẹ̀yìnkùlé, á gbọn ọ́n títí eruku á fi bo orí rẹ̀, kí ó tó rẹ ẹ́ sínú omi. Bí òtútù bá mú, inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń gbọn ọ́n, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì. Ó máa ń fi eruku náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní obìnrin tí aṣọ ọkọ rẹ̀ bá mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kó bi í léèrè ibi tó lọ.

Ṣé kò sí omi nílé iṣẹ́ náà ni? Omi wà. Balùwẹ̀ wà pẹ̀lú, fún àwọn ará ọ́fíìsì. Bí ọ̀gá kan bá fẹ́ wọ ibi tí eruku wà, wọ́n á fún un ní ẹ̀wù tí yóò gbé lé aṣọ rẹ̀. Bó bá ti jáde, á bọ́ ọ sílẹ̀ níbẹ̀, mọ́tò alágbàfọ̀ á sì wá kó o. Mo bèèrè o: bó bá jẹ́ pé eruku lásán ni, kí ló dé tí ẹ̀wù ọ̀gá kò dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ọ̀gá rí?

Ìdílé náà ti kó lọ sí Park Forest nígbà tí àìsàn dé bá Ẹ̀gbọ́n Àdùfẹ́. Àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣòro fún un láti gùn. Lẹ́yìn náà, ó di pé ó ń jókòó sùn. Dókítà bi í bóyá ó ń mu sìgá. Kò mu ún rí. Wọ́n bi í níbi tó ti ṣiṣẹ́. Ó ní ilé òun ni òun ti ń ránṣọ. Kàfáyàtù ló rántí, ó sì sọ irú iṣẹ́ tí bàbá òun ṣe. Dókítà gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé jẹjẹrẹ ti mú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, pé eruku náà lè sinmi nínú ara fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kó tó dìde. Ó wá yíjú sí Kàfáyàtù, ó bi í bóyá òun náà máa ń sún mọ́ aṣọ wọ̀nyẹn ní kékeré. Kàfáyàtù ní ìtọ́jú ìyá òun ni kí wọ́n sọ ná.

Wọ́n yẹ Gàníyù náà wò. Àpá díẹ̀ ló wà lára ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀. Ó ṣì ń mí, ó ṣì ń rìn. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó gbádùn. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, ó sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pé ọwọ́ òun ni òun fi gbé ikú wálé. A rò pé Ẹ̀gbọ́n Àdùfẹ́ ti sùn. Ó lajú.

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá Kàfáyàtù. Àwọn tó fi í rán yín sílé ni."

N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí ó kú náà ni àwọn onílé iṣẹ́ ọ̀hún, tí ilé iṣẹ́ wọn ti kógbá sílé, rántí àwọn òkú wọn. Wọ́n fẹ́ gbé òkúta kan sí ẹnu géètì, kí wọ́n kọ sára rẹ̀ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti kú, àwọn tí wọ́n ní ó kọ́ Amẹ́ríkà. Wọ́n pe Gàníyù sí ìpàdé gẹ́gẹ́ bí àgbà òṣìṣẹ́. Mo bá a lọ. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ orúkọ Àdùfẹ́ mọ́ wọn. Agbẹnusọ wọn, ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, bá a kẹ́dùn dáadáa, ó wá ní ti òṣìṣẹ́ ni òkúta náà, Madam kò sì ṣiṣẹ́ fún àwọn rí. Ó fi kún un pé kò sí ẹni tó mọ̀ láyé ìgbà náà pé eruku yẹn lè ṣe ènìyàn ní nǹkan.

Gàníyù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé báàgì ọ̀rá kan tí wọ́n dì pinpin sórí tábìlì.

"Ẹ̀wù iṣẹ́ mi nìyí," ó ní. "Ó ti pẹ́ nínú àpótí. Ẹ bá mi tú u, kí ẹ gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, bí ìyàwó mi ṣe ń gbọn ọ́n."

Kò sí ẹni tó nawọ́. Lọ́yà wọn sún àga sẹ́yìn. Ẹnì kan fi áńkáṣíìfù bo imú, bẹ́ẹ̀ báàgì ṣì wà ní dídì. Ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ti dìde, ó ti fẹ̀yìn kan ògiri, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà bó ti ń bẹ Gàníyù kó gbé nǹkan náà jáde.

"Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ ń sá fún?" ni Gàníyù bi wọ́n.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ní ń sá fún ohun tí kò mọ̀? Nígbà tí Kàfáyàtù fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba létí, àwọn tó wá gbé báàgì náà lọ bo ara láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyàwó ilé ló fi ọwọ́ lásán fọ ohun kan náà, ọdún lórí ọdún. Wọ́n ti ṣí òkúta náà. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé fífọ́, atẹ́gùn láti orí adágún ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ka kan náà ni ọkọ Dorothy àti Gàníyù jọ ṣiṣẹ́. Láti bí oṣù mélòó kan, Dorothy ti ń dúró mí lágbedeméjì àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ní àgbà ló dé. Kàfáyàtù ti mú un lọ ya fọ́tò àyà, èsì kò tíì jáde. Kàfáyàtù fúnra rẹ̀ kò tíì yà tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé iṣẹ́, a kò fẹ́ ìbánikẹ́dùn yín mọ́. Ẹ wá gbogbo ìyàwó àti ọmọ àwọn tó ru eruku yín lọ sílé, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ palẹ̀ ilé náà mọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ dá wa lóhùn: ẹnì kan ló pe mọ́tò alágbàfọ̀ fún ẹ̀wù àwọn ọ̀gá, tó sì pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún àwọn obìnrin. Ẹni náà ní orúkọ. Ó ní ilé. Ó ṣeé ṣe kó ní ìyàwó. Kó jáde wá.